Ìlú ló bí ṣọ́ọ̀tù kọ́ọ̀sì, fásitì kàn gbà á tọ́ ni

Tí ẹ bá bi àwọn tó ń ṣètò kọ́ọ̀sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pé ibo ni ṣọ́ọ̀tù kọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbà kúkúrú fún àwọn ará ìlú, ti wá, ọ̀pọ̀ á ní ọ̀dọ̀ òyìnbó ni, pé James Stuart ní Cambridge ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1873, nígbà tí fásitì yẹn gbà kí olùkọ́ máa jáde lọ kọ́ àwọn ará ìlú tí wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni 1873. Ṣùgbọ́n ìtàn tiwọn nìyẹn o. Àwọn ará Èkó náà á ní Yaba Higher College ti 1934 ni, èyí tí mi ò lè gbà rárá, torí Yaba ń kọ́ àwọn tí ìjọba fẹ́ gbà síṣẹ́ ni, ọdún gbọọrọ ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Níbí, ìlú ló bí i, mo sì máa ṣàlàyé, pàápàá torí pé Òṣogbo wà nínú ẹ̀ dáadáa, àwọn èèyàn kì í sì í dárúkọ Òṣogbo síbẹ̀.

Kí fásitì kankan tó wà ní Nàìjíríà làwọn èèyàn wa ti ń kóra jọ nírọ̀lẹ́ láti kọ́ nǹkan kan pàtó tí wọ́n fẹ́ mọ̀, láìwá sátífíkéètì. Ẹ wo Abẹ́òkúta. Nígbà ogun Hitler, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn obìnrin Abẹ́òkúta Ladies' Club bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Àwọn ìyálọ́jà yẹn ló fẹ́ mọ̀wé, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó kọ sílábọ́ọ̀sì fún wọn ṣáájú, ẹni tó mọ̀ ń kọ́ ẹni tí ò mọ̀, ó parí. Nígbà tó yá wọ́n di Abẹ́òkúta Women's Union, wọ́n bá owó orí jà, nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 1949 Aláké Adémọ́lá ti fi ààfin sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré?

Mo tún gbàgbọ́ pé ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ ìkọ́ṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ, tí ọmọ á sin ọ̀gá títí ọjọ́ tí wọ́n á ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un, ọ̀gá á súre, àwọn ẹbí á gbé oúnjẹ wá, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ wo télọ̀ tó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù tipẹ́, tó bá rí stáìlì tuntun tí kò mọ̀, ṣé kì í lọ bá ẹlòmíì kó lo ọ̀sẹ̀ kan méjì níbẹ̀, kó sanwó, kó kọ́ ìyẹn nìkan kó máa lọ? Aláró náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, oníṣègùn ń lọ gba ewé kan ṣoṣo lọ́dọ̀ oníṣègùn míì. Lójú tèmi ṣọ́ọ̀tù kọ́ọ̀sì nìyẹn, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ lọ tó wá kọ́ ohun kan tó wù ú, mi ò sì rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni télọ̀ ti kọ́ ọ.

Ìgbà tí fásitì wá dé ni 1948. Ẹ̀lẹ́yẹlé n'Ìbàdàn ni University College ti bẹ̀rẹ̀, inú ilé tí àwọn sójà fi ṣe ọsibítù tẹ́lẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 tó wá láti Yaba ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Thomas Hodgkin láti Oxford ti wá ní 1947, ó wo bí kíláàsì fáwọn ará ìta á ṣe rí, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast (Gánà òní) tí wọ́n bí ní Kumasi, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà Extra-Mural, ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn ará ìta, n'Ìbàdàn ní 1949. Ọmọ Áfíríkà ni o! Òun náà ló padà di olórí ECA, àjọ ètò ọrọ̀ ajé UN fún Áfíríkà, títí di 1975.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì nígbà yẹn? Ìlú ló máa kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́. Àwọn tíṣà, àwọn akọ̀wé, àwọn òntajà kan á kóra jọ, wọ́n á ní ètò ọrọ̀ ajé làwọn fẹ́, tàbí ètò ìjọba, tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tó ń bójú tó agbègbè náà á wò ó bóyá wọ́n pọ̀ tó, á wá ẹni tó lè kọ́ wọn, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì Ìbàdàn, kíláàsì bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìwé kan nírọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìbéèrè ló ṣáájú, ìwé tẹ̀ lé e.

Ibi tí Òṣogbo ti wọlé rèé. Ulli Beier, ará Jámánì tó wá ṣe olùkọ́ fonẹ́tíìkì (ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè) n'Ìbàdàn ní 1950, bọ́ sí Extra-Mural, ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, kó tó wá sí Òṣogbo. Ní 1962 òun àti Dúró Ládiípọ̀, onítíátà, dá Mbari Mbayo, ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ nínú ilé Dúró. Kọ́ọ̀sì àwòrán tí wọ́n ṣe níbẹ̀, Denis Williams ló kọ́kọ́ darí ẹ̀, Georgina Beier sì darí ti 1964, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jímọ̀h Buraimoh tó ń bójú tó iná fún tíátà Dúró Ládiípọ̀ wà níbẹ̀, ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Twins Seven Seven wà níbẹ̀, Muraina Oyelami láti Ìrágbìjí náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo iṣẹ́ wọn ní mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun. Ní 2005 UNESCO sọ Twins Seven Seven di Artist for Peace. Ẹ sọ fún mi, ìlú wo ló tún rí irú èso bẹ́ẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ díẹ̀?

Ti òde òní yá láti sọ. Extra-Mural Ìbàdàn di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà, àwọn fásitì àti poli míì ṣí tiwọn, fọ́ọ̀mù pọ̀, ẹ̀ka á fọwọ́ sí i, fákọ́tì á fọwọ́ sí i, ó di Sẹ́nétì fásitì tàbí bọ́ọ̀dù poli, wọ́n á béèrè iye wákàtí, iye owó, ẹni tó máa kọ́ ọ. Mi ò kọ ìyẹn, owó ìlú àti orúkọ ilé ìwé ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn fọ́ọ̀mù tí mo ti rí, kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè pé ta ló sọ pé òun fẹ́ kọ́ nǹkan yìí, ìlú wo ló sì wà. Ó yẹ kí wọ́n dá a padà, kí ó sì jẹ́ ìlà àkọ́kọ́.