Ibi tí omi ti ń yọ lára táàpù ló ń sọ ohun tó bàjẹ́

Kí èèyàn tó mú sípánà, kó kọ́kọ́ wo ibi tí omi ti ń yọ. Bó bá jẹ́ ẹnu táàpù ló ti ń kán tó, tó, tó lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í, wọ́ṣà inú rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó ń dí omi, ló sábà máa ń gbó. Bó bá jẹ́ abẹ́ ọwọ́ tí à ń yí ló ti ń sun, àgàgà nígbà tí táàpù bá wà ní ṣíṣí, wọ́ṣà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀ ló ti rọ̀.

Nínú táàpù oníyíyí, ọ̀pá irin kan wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́ṣà onírọ́bà sì wà nídìí ọ̀pá náà. Bí a bá ń tì í, ọ̀pá á máa sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́ṣà á fi bo ihò tí omi ń gbà wọlé. Tí wọ́n bá tú èyí tó ti gbó jáde, ètè ihò náà á ti fín òrùka sójú rẹ̀, nígbà mìíràn á jìn débi tí èékánná á fi há sí i. Ìdí nìyí tí kò fi dáa rárá kí wọ́n máa fi agbára ti táàpù tó ń jò: omi lè dúró lónìí, àmọ́ irin ń gé rọ́bà lọ ni.

Láti pààrọ̀ wọ́ṣà, wọ́n á ti fáàfù àgbà tó ń dá omi dúró, wọ́n á ṣí táàpù kí omi inú páìpù lè gbẹ, wọ́n á sì fi àkísà dí ojú ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ kí síkúrù kékeré má bàa já sínú rẹ̀. Fáàfù tó ti pẹ́ tí wọn ò fọwọ́ kàn án lè há. Ẹ má fipá yí i, ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tú ọwọ́ táàpù àti nọ́ọ̀tì ńlá abẹ́ rẹ̀. Wọ́ṣà tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ẹ fi ìka kan ètè ihò náà: bó bá rí gánnagànna, kò ní pẹ́ tí yóò fi ba wọ́ṣà tuntun jẹ́, àfi kí wọ́n fá a kó dán tàbí kí wọ́n pààrọ̀ táàpù.

Ti abẹ́ ọwọ́ rọrùn jù. Ẹ yí nọ́ọ̀tì tó yí ọ̀pá ká le díẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ pààrọ̀ rọ́bà tàbí okùn tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Tí wọ́n bá ń tò ó padà, kí ọ̀pá wà lókè kí wọ́n tó yí nọ́ọ̀tì ńlá le, kó má bàa tẹ wọ́ṣà tuntun fọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n ṣí fáàfù àgbà, kí táàpù sì wà ní ṣíṣí kí atẹ́gùn lè jáde.