Ara Yín Ni Kẹ́ Ẹ Bi, Kì Í Ṣe Kàlẹ́ńdà

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni mi ò lè lóyún?" Kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó bi wá, wọ́n ti ka ọjọ́ 14 lórí kàlẹ́ńdà látọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, pé ọjọ́ yẹn ni ẹyin ń bọ́. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dé ní ọjọ́ 28 géérégé ni ìṣirò yẹn bá mu jù, àìsàn tàbí wàhálà sì lè mú kí ẹyin rẹ̀ pẹ́ kó tó bọ́.

Nínú àwọn àmì tí ara ń fi hàn, omi ojú ara ni mo fọkàn tán jù, torí òun ló ń kìlọ̀ ṣáájú. Bí nǹkan oṣù bá tán, ojú ara sábà máa ń gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi tó ki á bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bí ẹyin bá fẹ́ bọ́, omi náà á mọ́ gaara, á máa yọ̀, bẹ́ ẹ bá sì fi ìka méjì fà á, á fà bí ilá. Omi yìí ló ń pa àtọ̀ mọ́ láàyè, àtọ̀ náà sì lè wà nínú ara tó ọjọ́ 5. Ẹyin ní tiẹ̀ kì í ju wákàtí 24 lọ. Ìdí nìyẹn tí ìbálòpọ̀ ọjọ́ Ajé fi lè di oyún lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹni tí kò fẹ́ lóyún, kó dúró láìní ìbálòpọ̀ látìgbà tí omi bá ti yọjú, títí ọjọ́ 3 á fi kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tó fà kẹ́yìn. Ẹ má fi ọṣẹ fọ inú ojú ara o. Ó ń ba àmì jẹ́, ó sì ń fa àrùn. Omi tó bá ń rùn tàbí tó ń yún yín, ilé ìwòsàn ló kàn.

Temómítà ní tiẹ̀, ẹ̀yìn tí ẹyin bá bọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi wọn ara láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ooru ara á fi bíi 0.2 sí 0.5 lórí ìwọ̀n Celsius ga sí i. Bó bá ga bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 3 léraléra, àkókò oyún ti kọjá. Ẹni tí ibà ń ṣe, kó má gbára lé e.

Nínú obìnrin 100 tó ń fi irú àmì ara báyìí fètò sọ́mọ bíbí, 2 sí 23 ló ń lóyún láàárín ọdún kan. Bí ọkọ kò bá gbà láti dúró, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ lò ó. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí sílẹ̀, kó kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì.

Ẹni tó ń wá ọmọ ńkọ́? Ọjọ́ omi tó ń fà gan-an ni tiyín. Ẹ má dúró de temómítà. Bó bá pé ọdún kan láìsí oyún, tàbí oṣù 6 fún ẹni tó ti lé ní ọdún 35, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ ń kọ àwọn àmì náà sí dání.