Líìgì, ife-ẹ̀yẹ àti Yúróòpù: bí sáà bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Ítálì kan ṣe ń lọ

Láàárín oṣù Kẹjọ ọdún kan sí oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, ìdíje tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ní Ítálì ń kópa nínú rẹ̀ máa ń ju ẹyọ kan lọ. Líìgì wà, ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wà, ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù sì wà fún àwọn tó bá tóótun. Lójú òǹwòran, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń bí èkejì. Ipò tí ẹgbẹ́ bá wà nínú líìgì lọ́dún yìí ni yóò sọ ìpele tí yóò ti wọ ife-ẹ̀yẹ lọ́dún tó ń bọ̀, òun kan náà ni yóò sọ bóyá ẹgbẹ́ náà yóò gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, ife tí ẹgbẹ́ kan bá sì gbà lè ṣílẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ mìíràn tí kò sí lórí pápá rárá lọ́jọ́ náà, ó sì lè tì í mọ́ ọn. Sáà 2023–24 tí Atalanta ti ìlú Bergamo gbá dára láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀nà kan tí àwọn ìdíje wọ̀nyí ń gbà kan ara wọn tí kò hàn nínú rẹ̀.

Líìgì ni gbòǹgbò. Ọdún 1929 ni Serie A bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí líìgì kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ogún ẹgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gba àwọn mọ́kàndínlógún yòókù lálejò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún ń lọ bá wọn nílé wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó mú kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 38. Ẹgbẹ́ tó bá borí gba pọ́ìǹtì 3, èyí tó bá gbá ọ̀mì gba 1. Ṣáájú sáà 1994–95, pọ́ìǹtì 2 péré ni ẹni tó borí máa ń gbà, ìdí nìyẹn tí ọ̀mì fi níyì púpọ̀ nígbà náà lójú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fẹ́ràn láti dáàbò bo ilé wọn. Lega Serie A, ìyẹn àjọ tí àwọn ẹgbẹ́ náà jọ ní, ló ń ṣètò ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Láti sáà 2021–22, abala kejì líìgì kì í tẹ̀ lé ètò abala àkọ́kọ́ mọ́; ẹgbẹ́ tí ènìyàn bá pàdé lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní lè tún yọjú lọ́sẹ̀ kẹtàlélógún tàbí ọ̀sẹ̀ mìíràn tí ètò bá gbé e sí.

Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò kìíní yóò lẹ àmì kékeré tó ní àwọ̀ ewé, funfun àti pupa mọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún odidi sáà tó tẹ̀ lé e. Scudetto ni wọ́n ń pe àmì náà, orúkọ yìí ni wọ́n sì fi ń pe ife líìgì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á nígbà mẹ́wàá yóò fi ìràwọ̀ kan kún un. Inter gba ogún rẹ̀ pé ní sáà 2023–24 pẹ̀lú pọ́ìǹtì 94, ó sì so ìràwọ̀ kejì. Juventus nìkan ló ní mẹ́ta. Nísàlẹ̀ tábìlì, ẹgbẹ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn a máa já sí Serie B. Frosinone, Sassuolo àti Salernitana ló já lọ́dún náà.

Bí ẹgbẹ́ méjì bá ní iye pọ́ìǹtì kan náà, àwọn ará Ítálì kì í kọ́kọ́ wo iye góòlù tí kálukú gbá sáwọ̀n nínú gbogbo sáà. Wọ́n máa ń wo bí ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe ṣe síra wọn nígbà tí wọ́n pàdé. Ìyàtọ̀ góòlù gbogbo sáà kò ní dá sí i àfi bí ìpàdé àwọn méjèèjì kò bá yanjú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ipò méjì wà tí òfin yìí kò kàn. Láti sáà 2022–23, bí ẹgbẹ́ méjì bá jọ wà lókè tábìlì pẹ̀lú pọ́ìǹtì kan náà, tàbí bí wọ́n bá jọ ń du àyè ìkẹyìn tí kò ní já, wọn yóò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo sí i láti mọ ẹni tó ni í. Kò pẹ́ tí òfin náà fi bá ènìyàn ní tòótọ́: ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Verona na Spezia ní góòlù 3 sí 1 ní ìlú Reggio Emilia, Spezia sì lọ sí Serie B. Ti òkè tábìlì ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ti ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn Serie A, ìyẹn ní ọdún 1964, nígbà tí Bologna borí Inter pẹ̀lú góòlù 2 sí òdo ní Róòmù.

Ní ti Coppa Italia, tó jẹ́ ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè náà, kòmẹsẹ̀-ó-yọ ni. Ẹgbẹ́ 44 ló ń du ú: gbogbo ogún Serie A, gbogbo ogún Serie B, àti mẹ́rin láti Serie C. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ papọ̀. Àwọn mẹ́jọ tó ṣe dáadáa jù nínú líìgì sáà tó kọjá a máa jókòó sílé títí ìdíje yóò fi ku ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún, nígbà tí àwọn yòókù ti ń gbá a láti oṣù Kẹjọ nínú ooru. Ojú ọ̀nà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú, nítorí náà ẹni tó bá ka tábìlì dáadáa mọ ẹni tí ó lè pàdé títí dé àṣekágbá. Ètò yìí ṣe ojúsàájú fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá, kò sì sí bí a ṣe lè fi èyí pa mọ́. Ẹgbẹ́ kékeré kò ní àǹfààní pé ìbò lè gbé alágbára kan wá sí pápá rẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́, bí ó ti máa ń rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń yanjú ìpele kọ̀ọ̀kan, àyàfi ìpele tó kángun sí àṣekágbá tí wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti lóko. Stadio Olimpico ní Róòmù ni wọ́n ti ń gbá àṣekágbá.

Atalanta ṣe ipò karùn-ún ní sáà 2022–23, nítorí náà ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Wọ́n na Sassuolo ní 3 sí 1 ní Bergamo, wọ́n lọ na Milan nílé rẹ̀ ní 2 sí 1, lẹ́yìn èyí ni wọ́n pàdé Fiorentina. Fiorentina borí ní góòlù kan sí òdo ní Florence. Ní Bergamo, ìṣẹ́jú àfikún ti wọlé kí Ademola Lookman, ọmọ Nàìjíríà inú ẹgbẹ́ náà, tó gbá èyí tó gbé Atalanta síwájú nínú àpapọ̀ ìpàdé méjèèjì, ó sì parí sí 4 sí 1. Bí wọ́n ṣe dé Róòmù nìyẹn, pẹ̀lú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin péré lẹ́yìn wọn.

Ilẹ̀kùn Yúróòpù ni líìgì ń ṣí jù lọ. Ní ọdún tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ sí Champions League tó ga jù lọ, ẹnì karùn-ún àti ẹni tó gba Coppa Italia lọ sí Europa League tó tẹ̀ lé e, ẹnì kẹfà lọ sí Conference League tó wà nísàlẹ̀ wọn. Bí ẹni tó gba Coppa bá ti rí àyè tó dára jù nínú líìgì, àyè rẹ̀ kì í ṣòfò. Líìgì ni yóò padà sí, gbogbo ìlà yóò sì sún wá ní ìgbésẹ̀ kan. Ipò karùn-ún yẹn ló mú Atalanta wọ Europa League. Wọ́n ṣe ipò kìíní nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tí Sporting, Sturm Graz àti Raków wà. Sáà ìkẹyìn tí wọ́n lo ètò ẹlẹ́ni mẹ́rin nìyẹn, nítorí láti 2024–25 ni gbogbo ẹgbẹ́ 36 ti wà lórí tábìlì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ Sporting lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n na Liverpool ní 3 sí òdo ní Anfield, wọ́n sì lé Marseille padà sílé. Tí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀, líìgì 38, Coppa 5, Yúróòpù 13, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 56 ni Atalanta gbá lọ́dún náà.

Bí iye yìí ṣe ń rọ̀gbà yí àwọn agbábọ́ọ̀lù ká ni ibi tí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ti le jù. Ẹni 25 ló lè forúkọ wọn sílẹ̀ fún líìgì, mẹ́jọ nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú bọ́ọ̀lù Ítálì, mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ náà gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22 nìkan ni kò sí nínú òǹkà yìí. Káàdì ìkìlọ̀ inú ìdíje kan kì í bá ènìyàn wọ òmíràn, ṣùgbọ́n ìdíje kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀: nínú líìgì, ìkìlọ̀ karùn-ún ló ń mú kí agbábọ́ọ̀lù jókòó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, nínú Coppa, èkejì ti tó. Ìdí nìyẹn tí Gianluca Scamacca, atamátàsé Atalanta, kò fi gbá àṣekágbá Coppa, tó sì tún wà lórí pápá ní ti Europa League. Marten de Roon ní tirẹ̀ fara pa nínú àṣekágbá Coppa, ó sì pàdánù ti Europa League. Ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà náà wọ inú ọ̀rọ̀. Òfin FIFA sọ pé ẹgbẹ́ kò lè dá agbábọ́ọ̀lù dúró bí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá pè é fún AFCON, nítorí náà nígbà tí Super Eagles ń lọ títí dé àṣekágbá ní Ivory Coast, láti oṣù Kìíní di ọjọ́ 11 oṣù Kejì, akọ́nimọ̀ọ́gbá Gian Piero Gasperini ní láti wá ẹlòmíràn sí ipò Lookman fún nǹkan bí oṣù kan.

Gbogbo rẹ̀ wá pàdé ní oṣù Karùn-ún. Ní ọjọ́ 15, Juventus na Atalanta ní góòlù kan sí òdo ní Róòmù, ó sì gba Coppa. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, Atalanta wà ní ìlú Lecce, ní ìhà gúúsù Ítálì lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti borí ní 2 sí òdo nínú líìgì tí wọ́n sì fi dá ara wọn lójú pé Champions League ti di tiwọn. Ní ọjọ́ 22, nínú àṣekágbá Europa League ní Dublin, Lookman, tí a bí sí London, nìkan ló gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Atalanta fi na Bayer Leverkusen, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ní Marrakech, CAF fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà.

Ibí yìí ni ìṣirò ti dùn. Ẹni tó bá gba Europa League ní àyè nínú Champions League, ṣùgbọ́n Atalanta ti rí àyè náà nínú líìgì. UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Yúróòpù, sì ti fún Ítálì ní àyè karùn-ún, nítorí pé láti 2024–25, orílẹ̀-èdè méjì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣe dáadáa jù ní Yúróòpù nínú sáà kan ń gba àyè kọ̀ọ̀kan sí i. Ítálì àti Jámánì ló gbà á. Bí Atalanta bá parí líìgì ní ipò karùn-ún, àyè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olúborí Europa League yóò dá dúró, àyè àfikún náà yóò sì bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kẹfà, ìyẹn Roma. Ohun àrà ni pé ìjákulẹ̀ Atalanta nínú líìgì ni ìbá jẹ́ ọ̀nà àbáyọ fún Roma. Kò rí bẹ́ẹ̀. Atalanta ṣe ipò kẹrin pẹ̀lú pọ́ìǹtì 69, Bologna ṣe ìkarùn-ún pẹ̀lú 68, àwọn méjèèjì sì lọ sí Champions League. Roma àti Lazio lọ sí Europa League. Nítorí pé Juventus tó gba Coppa ti wà ní ipò kẹta, ìlà náà tún sún, àyè Conference League sì dé ọ̀dọ̀ Fiorentina tó ṣe ìkẹjọ.

Sáà náà kò tíì parí síbẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Atalanta àti Fiorentina tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni wọ́n ti sún síwájú nígbà tí àìsàn òjijì kọlu ọ̀gá àgbà kan ní Fiorentina, Joe Barone, tó sì kú ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí pé ẹgbẹ́ méjèèjì wà nínú Coppa àti ní Yúróòpù, kò sí àárín ọ̀sẹ̀ tó ṣófo tí wọ́n lè gbé e sí títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ sinmi. Fiorentina borí ní 3 sí 2. Giorgio Scalvini, ọ̀dọ́ adèyìnmú Atalanta, fara pa gidigidi ní orúnkún lọ́jọ́ náà, ìdíje Euro sì kọjá lórí rẹ̀.

Àwọn ife kékeré tó tẹ̀ lé e jẹ́ èso sáà tó ti kọjá. Gẹ́gẹ́ bí olúborí Europa League, Atalanta pàdé Real Madrid, olúborí Champions League, fún UEFA Super Cup ní Warsaw ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Real sì nà wọ́n ní 2 sí òdo. Gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì nínú Coppa, wọ́n lọ sí Riyadh ní oṣù Kìíní ọdún 2025 fún Supercoppa ti Ítálì, tó ti di ìdíje ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin láti ọdún 2024, Inter sì yọ wọ́n dànù ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́.

Lọ́dún kan náà ni Coppa tún yí tábìlì padà, lọ́nà tó lòdì sí ti 2024. Bologna, tó ṣe ipò kẹsàn-án pẹ̀lú pọ́ìǹtì 62, na Milan ní góòlù kan sí òdo nínú àṣekágbá, ó sì gba àyè Europa League, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kò sún fún ẹnikẹ́ni. Àyè àfikún UEFA kò sí fún Ítálì lọ́dún yẹn. Fiorentina àti Lazio jọ ní pọ́ìǹtì 65. Fiorentina ti na Lazio lẹ́ẹ̀mejì nínú líìgì, òun ló sì gba Conference League. Lazio ṣe ìkeje, kò sì rí Yúróòpù lọ rárá.