Ìmọ̀ Olùdìbò

Ìmọ̀ olùdìbò ni ohun tí ará ìlú mọ̀ nípa ìjọba, nípa àwọn òǹdíje àti nípa ọ̀rọ̀ tí ìbò dá lé. Àríyànjiyàn ti wà láti ayé Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ní ilẹ̀ Gíríìsì, lórí bóyá ìmọ̀ yìí tó fún ìjọba tiwa-n-tiwa.

Ní 1957, Anthony Downs, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, sọ ìdí tí kì í fi í pọ̀: ìbò ẹnì kan kì í sábà yí èsì padà, bẹ́ẹ̀ ìwádìí ń gba àkókò. Ẹni tó fi àkókò náà wá oúnjẹ òòjọ́ kì í ṣe òmùgọ̀.

Síbẹ̀, èèyàn lè dìbò re láìmọ ohun gbogbo. Ní California lọ́dún 1988, àbá òfin márùn-ún tó ta kókó lórí owó adójútòfò ni wọ́n kó síwájú olùdìbò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ni wọ́n wà lẹ́yìn àwọn kan, àwọn agbẹjọ́rò ló ni òmíràn, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ oníbàárà sì ní tirẹ̀. Arthur Lupia, onímọ̀ ìṣèlú ọmọ Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń dìbò jáde lẹ́nu wò ní Los Angeles. Nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1994, àwọn tí kò mọ inú òfin náà, àmọ́ tí wọ́n mọ èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ń fẹ́, dìbò bí àwọn tó mọ̀ ọ́n dunjú. Àbá 103, ti àwọn oníbàárà, nìkan ló wọlé.

Àmì ẹgbẹ́ ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Yorùbá. Láyé ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, ọ̀pẹ ni tiwọn, àkùkọ ni ti NCNC. Aláìmọ̀wé mọ ibi tí yóò tẹ̀ka sí. Àmì ẹgbẹ́ ṣì ló wà lórí ìwé ìdìbò Nàìjíríà, kò sí orúkọ òǹdíje níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí gómìnà márùn-ún fò láti PDP bọ́ sí APC ní oṣù kọkànlá 2013, kí ni àmì fẹ́ sọ fún ẹni tó dìbò fún wọn? Ti “dìbò kóo sebẹ̀”, ìyẹn fífowó ra ìbò, tó gbòde nígbà ìbò gómìnà Èkìtì ní 2018 tún yàtọ̀: ẹni tó gbowó lè mọ òǹdíje tó dára jù, síbẹ̀ kó dìbò fún ẹlòmíràn.

Jason Brennan, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Amẹ́ríkà, dábàá ní 2016 pé kí agbára ìbò àwọn tó nímọ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Amẹ́ríkà ti dán irú rẹ̀ wò. Ní Mississippi, aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní láti túmọ̀ abala kan nínú òfin ìpínlẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ ló sì ń mú abala náà, òun náà ló ń pinnu ẹni tó yege. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti 1965 ló dá a dúró níbẹ̀. Ní 1970, wọ́n fòfin de irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà.