Bí ìwé àṣírí ṣe ń jò nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Alágbàka, nílùú Àkúrẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ni odindi ẹ̀ka ń pín lò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì sábà máa ń wà. Akọ̀wé owó á jókòó sí yàrá tirẹ̀, á ní kí ẹ̀rọ tẹ ìwé owó oṣù, ìwé á sì máa já bọ́ lójú gbogbo ayé. Kó tó dìde débẹ̀, ẹni tó wá mú ìwé ìsinmi tirẹ̀ ti gbá méjèèjì pọ̀ lọ. Olè kankan ò wọlé. Síbẹ̀, iye tí olúkúlùkù ń gbà àti gbèsè alájẹṣẹ́kù tí wọ́n ń yọ níbẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń sọ nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

Ìwé kì í ti kọ̀ǹpútà fò tààrà bọ́ sórí bébà. Ó máa ń dúró lọ́nà, ibi tó bá sì ti dúró láìsí olówó rẹ̀ nítòsí ni àṣírí ti ń tú. Inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ dúró. Lórí Windows, ohun tí wọ́n ń pè ní Spooler ló ń gba ìwé náà, tó ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìlà (queue) títí ẹ̀rọ yóò fi ráyè. Tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀dà yẹn á pa rẹ́. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́ tán, ibẹ̀ ló wà.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló wá ń dá kún un. Ká ní ewé mẹ́ta ti jáde nínú méjìlá, ni wọ́n bá mú iná lọ. Olówó ìwé dúró títí, ó sú u, ó gba ilé lọ. Ewé mẹ́sàn-án tó kù ò parẹ́ o. Nígbà tí wọ́n bá mú iná dé, tí wọ́n sì tan kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ padà, wọ́n lè máa jáde fúnra wọn, bóyá ẹni tó ni wọ́n wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tí bébà bá há tàbí tó tán: ẹni tó bá wá fi bébà sí i nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí ti ẹlòmíì. Ó yẹ kí èèyàn ṣí ìlà náà, kó tẹ "Cancel", kó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé orúkọ ìwé ti kúrò níbẹ̀ kó tó dìde.

Ní ti ojú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń gba iṣẹ́ ní port 9100, ìyẹn ẹnu ọ̀nà kan lórí nẹ́tíwọ̀kì, níbi tí ìwé ti ń kọjá láìbora. Ẹni tó bá wà lórí Wi-Fi kan náà tó sì mọ̀ ọ́n ṣe lè kà á. IPPS, ọ̀nà mìíràn láti fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, ló ń fi kóòdù bò ó. Kí ọ́fíìsì má sì fi àlejò sórí Wi-Fi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà.

Ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì pọ̀ mọ́ ìtẹ̀wé sábà máa ń ní hard disk tirẹ̀ nínú, tó lè tọ́jú ẹ̀dà ìwé tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera kan, Affinity Health Plan, dá ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tí wọ́n yá padà láìnu disk rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìlera àwọn èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2013, wọ́n san $1,215,780 fún ìjọba lórí ọ̀rọ̀ náà. Níbi tí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti ń gba ọwọ́ dé ọwọ́ bíi tiwa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Kí wọ́n tan ààbò disk náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì nù ún tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kí ẹ̀rọ tó kúrò nílé.

Ojútùú tó dára jù fún ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni pé kí ìwé dúró de olówó rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ricoh ń pè é ní Locked Print, Xerox ń pè é ní Secure Print, ní ara HP, abẹ́ Job Storage ló wà. Níbi tí èèyàn ti ń yan iye ẹ̀dà ló ti máa yan èyí, á fún un ní PIN. Ẹ̀rọ á gba ìwé, á dákẹ́. Nígbà tí èèyàn bá dé iwájú rẹ̀, á wá orúkọ ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, á tẹ PIN, ìwé á sì máa jáde sọ́wọ́ rẹ̀. Kò ná ọ́fíìsì ní kọ́bọ̀ tí ẹ̀rọ bá ti ní in, ó sì dunni pé ọ̀pọ̀ ò tíì tẹ̀ ẹ́ rí.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tún burú jù. Ìwé tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n bá wọn tẹ̀ máa ń wà nínú Downloads kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó lọ. Kí ìwé àṣírí má débẹ̀ rárá.

Èyí tó bàjẹ́ ńkọ́? Ewé tí ẹ̀rọ fi yíńkì rẹ́ lára ṣì ní orúkọ, NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì lójú rẹ̀. Inú garawa ló ń lọ, láti ibẹ̀, ó lè dé ọwọ́ ẹlẹ́pà tàbí alákàrà, tí yóò fi pọ́n ọjà fún oníbàárà. Kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ ní ìbú àti òòró, nítorí ọwọ́ lásán lè to èyí tí wọ́n là gbọọrọ padà. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ agéwèé, kí wọ́n sun ún.

Òfin ààbò dátà Nàìjíríà tọdún 2023 kò yọ bébà sílẹ̀. Bí ìwé tó sọnù bá lè kó àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ sí wàhálà, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò dátà, láàárín wákàtí 72 tí wọ́n ti mọ̀. Nítorí náà, kí ọ̀gá má jágbe mọ́ òṣìṣẹ́ tó bá sáré wá sọ pé òun ò rí ewé kan mọ́. Kí ó bi í ní irú ìwé tó jẹ́, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, àti ẹni tó lo ẹ̀rọ tẹ̀ lé e.