Ọ́ìlì jíjò lára Volkswagen Ìjàpá

Volkswagen Beetle, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto, jẹ́ ọkọ̀ Jámánì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1938. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, Mẹ́síkò sì ni èyí tó kẹ́yìn ti jáde ní July 2003. Àbúrò pátápátá nínú wọn ti lé ní ogún ọdún, rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo láàárín irin méjì) inú rẹ̀ sì ń gbó lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti rí Ìjàpá tí ọ́ìlì kò jò lára rẹ̀ rí.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló sì ń mú un tutù. Kò ní rédíétọ̀, kò lo omi. Ọ́ìlì tó ń gbà kò ju nǹkan bí lítà 2.5 lọ, ọ́ìlì yìí kan náà ló sì ń bá atẹ́gùn gbé ooru kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ìdajì lítà bá jò dànù, ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ní Ìjàpá gbọ́dọ̀ máa fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ wò lóòrèkóòrè, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Bí a ṣe ń wá ibi tó ń jò

Ibi tí ọ́ìlì ń kán sí kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Fáànù ńlá tó wà lórí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ atẹ́gùn wá sí ìsàlẹ̀, ó sì ń ti ọ́ìlì kiri. Ohun tó jò lókè lè gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ kó tó kán sílẹ̀ lábẹ́ ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ owó ló ti ṣòfò lórí gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Nítorí náà, fífọ̀ ló ṣáájú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ ìdọ̀tí tó ti dì mọ́ ọn, a ó sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni a ó wa ọkọ̀ náà díẹ̀, tí a ó tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, tí a ó sì tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ibi tó ga jù lọ tó tutù fún ọ́ìlì ni ká fura sí.

Bí ó bá ń kán láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, ìka àti imú ló máa sọ ọ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú, ó sì ṣàn. Ọ́ìlì gíà ki, òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó ti dòbu. Tí ó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, ṣíìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) ti fúláíwíìlì, irin ńlá roboto tó ń yí láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, ló sáábà máa ń fà á. Tí ó bá jẹ́ ti gíà, ṣíìlì ẹnu gíà ni. Ọ̀ràn méjèèjì ló gba kí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ èyí tí a máa rà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ibi tó sáábà máa ń jò

Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdérí tó bo fáàfù lórí sìlíńdà, ló rọrùn jù láti tún ṣe. Wáyà kan ṣoṣo ló di ìdérí náà mú. A ó ha èyí tó ti gbẹ kúrò tán, a ó sì fi tuntun sí i láìfi gọ́ọ̀mù púpọ̀ kún un, nítorí gọ́ọ̀mù tó bá yọ sínú lè já, kó lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì.

Ọ̀pá tín-ín-rín mẹ́jọ tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni púṣìróòdù, irin gígùn tó ń ti fáàfù ṣí, ń gba inú wọn kọjá. Òkúta ojú ọ̀nà ń bà wọ́n, wọ́n sì ń dípẹtà. Ọ̀pá àtilẹ̀wá kò ṣeé pààrọ̀ àyàfi tí a bá tú orí sìlíńdà. A gbọ́dọ̀ fà á gùn díẹ̀, tó nǹkan bí mílímítà 190, kó lè fún ṣíìlì ẹnu rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ̀pá onísípíríìǹgì alápá méjì wà tí kò nílò kí a tú orí sìlíńdà.

Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an, àwo kékeré kan wà tí nọ́ọ̀tì mẹ́fà dì mọ́ àsẹ́ ọ́ìlì. Fífún un ní àfúnjù ló ń ba eyín ibi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ jẹ́. Ọwọ́ fífúyẹ́ ló fẹ́.

Bí apá òsì ẹ́ńjìnnì bá rin gbingbin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà ìdí ọ́ìlì kúlà (ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù), tó fara pamọ́ sínú ilé fáànù. Púlì ẹ̀yìn kò ní ṣíìlì rárá. Ìlà jíjìn tó yí po bíi ti bóòtù ló ń dá ọ́ìlì padà sínú. Tí ọ́ìlì bá ń jò níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ríìngì pístìn ti jẹ, tí èéfín inú sì ń ti ọ́ìlì jáde.

Pẹtiróòlù

Hóòsì pẹtiróòlù tó ti sán léwu ju ọ́ìlì lọ, nítorí orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ló ń kán sí. Máńgánísíọ̀mù, tí omi kì í pa iná rẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì náà. Tí òórùn pẹtiróòlù bá ti jáde, a kì í sítáàtì ọkọ̀ náà títí a ó fi pààrọ̀ hóòsì náà àti kílíìpù rẹ̀.