Bí ilé tí olórí ti wá ṣe ń hàn nínú ìjọba rẹ̀

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ìdílé olórí kan nínú ìmọ̀ ìṣèlú, ọ̀rọ̀ náà kọjá orúkọ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nílé? Ta ló san owó ilé-ìwé rẹ̀? Àwọn wo ló ń wọlé, tó ń jáde níbẹ̀? Nígbà tó wá dórí àga, èwo nínú rẹ̀ ló hàn nínú òfin àti ìnáwó ìlú? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò.

Ẹ wo Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó tún ń la pákó. Ó kú ní 1920, nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 11, oríṣiríṣi iṣẹ́ kéékèèké lọmọ náà sì fi rán ara rẹ̀ nílé-ìwé. Ní January 1955, ìjọba tó ń darí ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 dé 811,000 láàárín ọdún kan.

Ó rọrùn láti ní ìyà tó jẹ ẹ́ ló bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àbí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú wọ́n láyé ìgbà yẹn ni? Owó kòkó wà lápò ìjọba, S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló sì gbé àbá náà kalẹ̀ ní 1952. Ibi tó ti le gan-an ló yẹ ká wò. Inú ń bí aráàlú sí owó-orí, ẹgbẹ́ alátakò NCNC sì na Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, mọ́lé lágbègbè tiwọn nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Ẹni tó ń ṣírò ìbò nìkan ìbá ti dá ètò náà dúró. Awólọ́wọ̀ ò dá a dúró.

Ní ti Umaru Yar'Adua, èèyàn ni ogún tó bá nílé. Bàbá rẹ̀ ṣe mínísítà nínú ìjọba Balewa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Shehu, ni igbákejì Ọbásanjọ́ nínú ìjọba ológun títí di 1979, ó sì kó àwọn olóṣèlú jọ káàkiri Nàìjíríà kó tó kú sẹ́wọ̀n ní 1997. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nínú PDP tó gbé Umaru dé ipò gómìnà Katsina ní 1999 àti ààrẹ ní 2007. Àmọ́ ẹ má rò pé ẹgbẹ́ bàbá lọmọ gbọ́dọ̀ ṣe: nígbà ìjọba alágbádá kejì, NPN, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, ni bàbá wà, ẹgbẹ́ PRP tó ń pariwo ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù ni Umaru bá lọ.